Ajílẹ̀ Méjì, Oko Kan: Ẹ̀kọ́ lórí Àdàpọ̀ Kọ́ńpọ́ọ̀sì àti Ajílẹ̀ Òyìnbó fún Oko Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ìfáárà

Ìtàn àtẹnudẹ́nu fi yé wa pé "Oko Odú" ni orúkọ tí ó di Ìkòròdú. Ẹ̀fọ́ odú ni àwọn ará Rẹ́mọ tí wọ́n tẹ ibẹ̀ dó bá tí ó hù kún ilẹ̀. Bí Yorùbá bá sì fẹ́ sọ pé ènìyàn kan gbajúmọ̀, wọn a ní odú ni, kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko. Olóko tí ó mọ odú mọ̀ pé ilẹ̀ ọlọ́ràá ni odú fẹ́ràn: etí àkìtàn, ẹ̀yìnkùlé, ibi tí eérú àti ìgbẹ́ ẹran ti jẹrà pọ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀. Orúkọ ìlú náà fúnra rẹ̀ ń sọ fún wa pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti lọ́ràá rí.

Lónìí, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Láti Ìpakodò tí ó wà létí ọ̀sà, gba Odógúnyàn kọjá lọ sí Ìmọ̀tà, títí wọ Àgbòwà àti Ẹ̀pẹ́, ilé ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ oko. Àgbẹ̀ tí baba rẹ̀ lè fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí ó tún di igbó kí ó tó padà dá oko sí i, kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀ mọ́. Orí ilẹ̀ kan náà ni ó ń gbin ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ata àti ẹ̀fọ́ sí lọ́dọọdún. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàì ṣá. Bí ilẹ̀ bá ṣá, àgbẹ̀ a sáré lọ ra ajílẹ̀ òyìnbó. Bí owó ajílẹ̀ òyìnbó bá wọ́n ju agbára rẹ̀ lọ, a fi oko sílẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé a sì rà á.

Èrò iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé pé kò yẹ kí àgbẹ̀ máa yan ọ̀kan nínú kọ́ńpọ́ọ̀sì àti ajílẹ̀ òyìnbó bí ẹni pé ọ̀tá ara wọn ni wọ́n. Iṣẹ́ tí ọ̀kan ń ṣe yàtọ̀ sí ti èkejì, ìdí sì nìyí tí àdàpọ̀ wọn fi ń ṣe oko ní àǹfààní ju ọ̀kan ṣoṣo lọ. A ó wo ohun tí orúkọ "ajílẹ̀" ń sọ, irú ilẹ̀ tí ó wà ní agbègbè náà, ẹ̀rí tí àwọn onímọ̀ rí, ìṣirò tí àgbẹ̀ lè lò, àti bí olùkọ́ ṣe lè fi ọgbà ilé-ìwé kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ náà.

Ohun tí Orúkọ Náà Ń Sọ

Ọ̀rọ̀-orúkọ aṣẹ̀dá ni "ajílẹ̀". Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "a-" ni a fi mọ́ àpólà ìṣe "jí ilẹ̀". Ìpàrójẹ sì mú fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ "ilẹ̀" kúrò, gẹ́gẹ́ bí a ṣe rí i nínú "apẹja" àti "akọrin" tí fáwẹ̀lì kan ti pa jẹ. Ohun tí ń jí ilẹ̀ ni ajílẹ̀. Kí a kíyè sí i pé ilẹ̀ ni àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ tọ́ka sí. Wọn kò fi orúkọ ewéko kankan kún un. Lójú wọn, ilẹ̀ lè sùn, a sì lè jí i. Bí ilẹ̀ bá ti jí, ohun tí a bá gbìn sí i yóò rí oúnjẹ jẹ.

Nígbà tí ajílẹ̀ inú àpò dé, Yorùbá kò wá orúkọ mìíràn fún un. Wọ́n fi ọ̀rọ̀-àpèjúwe kún ti àtijọ́, wọ́n pè é ní "ajílẹ̀ òyìnbó", ti àkìtàn àti ìgbẹ́ ẹran sì di "ajílẹ̀ ìbílẹ̀". Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ọ̀rọ̀-àpèjúwe náà sábà máa ń bọ́ sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní kí àgbẹ̀ fi ajílẹ̀ sí oko lónìí, ti inú àpò ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ibi tí ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Orúkọ kan ni ohun méjì ń jẹ́, àgbẹ̀ sì lè rò pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, àti pé bí ó bá ti rí ọ̀kan, kò nílò èkejì mọ́.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ajílẹ̀ òyìnbó ń bọ́ ewéko ju bí ó ṣe ń jí ilẹ̀ lọ; kọ́ńpọ́ọ̀sì sì ń jí ilẹ̀ ju bí ó ṣe ń yára bọ́ ewéko lọ. Bí olùkọ́ bá lè mú kí ìyàtọ̀ yìí yé akẹ́kọ̀ọ́, ìdajì ẹ̀kọ́ náà ti parí.

Irú Ilẹ̀ tí ó Wà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ilẹ̀ oníyanrìn tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ni ó pọ̀ jù ní agbègbè yìí. Yanrìn etí òkun àtayébáyé tí òjò ti fọ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni. Òjò tí ń rọ̀ ní ọdún kan a máa kọjá mílímítà 1,500. Ìgbà méjì ni ó máa ń pọ̀ jù: ní oṣù Kẹfà, àti ní oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, lẹ́yìn ọ̀dá kúkúrú inú oṣù Kẹjọ.

Yanrìn kò ní ọwọ́ tí ó fi ń di nǹkan mú. Amọ̀ inú ilẹ̀ náà kéré, èyí tí ó sì wà níbẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí ó lè di oúnjẹ ewéko mú púpọ̀. Nítorí náà, ohun jíjẹrà tí ó bá wà nínú ilẹ̀, ìyẹn ewé, gbòǹgbò àti ìgbẹ́ ẹran tí ó ti di dúdú, ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìdìmú náà. Òun ni Yorùbá ń wò tí wọ́n fi ń pe ilẹ̀ rere ní ilẹ̀dú. Nígbà tí igbó wà, ewé ń wọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́, dúdú náà kì í tán. Nígbà tí a bá ṣán igbó, tí a sun ún, tí a sì ń ro ilẹ̀ náà lọ́dọọdún, òòrùn àti kòkòrò àìfojúrí a jẹ dúdú náà tán láàrin ọdún díẹ̀. Ohun tí ó kù ni yanrìn.

Ohun tí Ajílẹ̀ Òyìnbó Lè Ṣe àti Èyí tí Kò Lè Ṣe

Ohun mẹ́ta tí ewéko ń jẹ jù nínú ilẹ̀ ni náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ̀mù. Náítírójìn ni ó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ń ran gbòǹgbò àti èso lọ́wọ́. Pòtásíọ̀mù ń fún igi ọ̀gbìn lágbára, ó sì ń jẹ́ kí iṣu ẹ̀gẹ́ tóbi. Nọ́ńbà mẹ́ta tí a kọ sára àpò NPK 15-15-15 ń sọ iye tí ó wà nínú rẹ̀. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni náítírójìn; 15 kejì àti ìkẹta sì dúró fún fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ̀mù gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń ṣe ajílẹ̀ ṣe ń ṣírò wọn. Ùréà ní tirẹ̀ kò ní ju náítírójìn lọ, ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún.

Inú afẹ́fẹ́ ni a ti ń mú náítírójìn yìí. Fritz Haber, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó fi ọ̀nà rẹ̀ hàn ní ọdún 1909. Carl Bosch sọ ọ́ di iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ní Oppau ní ọdún 1913. Ọ̀nà kan náà ni ilé-iṣẹ́ ùréà Dangote ń lò ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí, ní ìpín Ẹ̀pẹ́, èyí tí a ṣí ní oṣù Kẹta ọdún 2022. Gáàsì inú ilẹ̀ Nàìjíríà ni ó ń lò, agbára rẹ̀ sì tó tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 3 lọ́dún. Ẹ̀pẹ́ kò jìnnà sí orísun ajílẹ̀ òyìnbó mọ́.

Kíá ni ajílẹ̀ yìí ń ṣiṣẹ́. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ewé àgbàdo tí ó ti ń pọ́n yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dú. Ṣùgbọ́n lórí yanrìn, bí ó ṣe yá náà ni ó ń yá lọ. Bí òjò ńlá oṣù Kẹfà bá rọ̀ lẹ́yìn tí a fọ́n ọn, púpọ̀ nínú náítírójìn náà yóò rì kọjá ibi tí gbòǹgbò dé, òmíràn yóò bá àgbàrá lọ. Bí a bá da ùréà sórí ilẹ̀ láìbò ó, díẹ̀ yóò tún fò lọ sínú afẹ́fẹ́. Owó àgbẹ̀ ni ó ń lọ bẹ́ẹ̀.

Ìpakodò jẹ́ ibi tí a ti lè fojú rí ìgbẹ̀yìn irú òfò bẹ́ẹ̀. Ohun tí àgbàrá bá wọ́ kúrò lókè, ọ̀sà ni yóò gbà á. Ewéko olódòdó àlùkò tí ó máa ń bo ojú omi, tí ó gba Bàdágìrì wọ Nàìjíríà láti orílẹ̀-èdè Benin ní ọdún 1984, kò ní oúnjẹ mìíràn ju irú náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ tí ìdọ̀tí ìlú àti oko ń tú sínú omi. Bí ó bá gbilẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kò ní rí ọ̀nà gbà, apẹja kò ní rí àwọ̀n dà. Oúnjẹ tí oko pàdánù ti di ẹrù lọ́rùn apẹja nìyẹn.

Àléébù kejì ni pé bí a bá ń lo ajílẹ̀ onínáítírójìn nìkan fún ọ̀pọ̀ ọdún, ásíìdì inú ilẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i. Bí ásíìdì bá pọ̀, gbòǹgbò kò ní lè nà dáadáa, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì yóò sì há mọ́ irin inú ilẹ̀ pupa. Àgbẹ̀ yóò rí i pé àpò méjì kò ṣe iṣẹ́ tí àpò kan ń ṣe tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ohun tí Kọ́ńpọ́ọ̀sì Lè Ṣe àti Èyí tí Kò Lè Ṣe

Kọ́ńpọ́ọ̀sì ni pàǹtí tí a kó jọ, tí a sì mójú tó títí ó fi jẹrà di dúdú. Ó yàtọ̀ sí àkìtàn lásán nítorí pé a ń pò ó, a ń yí i, a sì ń wọ́n omi sí i. Ó ń di omi mú nínú yanrìn, kí ọ̀dá oṣù Kẹjọ má ba à tètè pa ohun ọ̀gbìn. Ó ń di oúnjẹ ewéko mú kí òjò má wọ́ ọ lọ. Ó ń dín agbára ásíìdì kù. Ó ní kálíṣíọ̀mù, mágínísíọ̀mù àti síńkì tí NPK lásán kò ní. Ó sì ń bọ́ ekòló àti kòkòrò àìfojúrí tí ń mú ilẹ̀ rọ̀.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ inú rẹ̀ kéré bí a bá gbé e lórí òṣùwọ̀n. Ìdá 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún ni náítírójìn inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ́ńpọ́ọ̀sì, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ń tú u sílẹ̀. Àgbàdo tí ebi ń pa ní ọ̀sẹ̀ kẹrin kò lè dúró de ohun tí yóò jẹrà tán ní oṣù kẹfà. Yàtọ̀ sí èyí, ẹrù rẹ̀ wúwo, iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀.

Àwọn kan gbà pé oúnjẹ tí ewéko jẹ láti inú kọ́ńpọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí ti inú àpò, pé májèlé ni ti inú àpò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò kì í mọ ibi tí náítírójìn ti wá. Irú kan náà ni ó ń fà mu. Ohun tí ó jẹ́ òótọ́ nínú ẹ̀sùn àwọn àgbẹ̀ ni pé bí náítírójìn bá pọ̀ lápọ̀jù, omi a pọ̀ nínú ewé àti èso, wọn kì í sì í pẹ́ bàjẹ́. Àṣejù ni ó ṣe ìyẹn.

Ìdí tí Àdàpọ̀ Fi Borí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ méjèèjì ṣe rí gan-an nìyí. Èyí tí ó yá kò lè dúró pẹ́; èyí tí ó lè dúró pẹ́ kò yá. Bí a bá pò wọ́n, kọ́ńpọ́ọ̀sì yóò di ajílẹ̀ òyìnbó mú títí ewéko yóò fi jẹ ẹ́. Ajílẹ̀ òyìnbó yóò bọ́ ewéko ní àsìkò tí kọ́ńpọ́ọ̀sì kò tí ì tú oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. Ewéko tí ó jẹun yó yóò ní ewé àti gbòǹgbò púpọ̀, àwọn náà yóò sì padà di ohun jíjẹrà bí a kò bá sun wọ́n.

Ẹ̀rí èyí kò ṣọ̀wọ́n. Ní Samaru, lẹ́bàá Zaria, oko ìwádìí kan ti wà láti ọdún 1950 tí a ti ń wo ìgbẹ́ màlúù àti ajílẹ̀ òyìnbó, lọ́tọ̀ àti ní àdàpọ̀. Ní Saria, ní orílẹ̀-èdè Burkina Faso, a bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ lórí ọkà bàbà ní ọdún 1960. Ohun tí ọdún gígùn fi hàn níbẹ̀ ni pé ajílẹ̀ òyìnbó nìkan mú èso wá níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ásíìdì ń pọ̀ nínú ilẹ̀, èso sì ń dín. Ibi tí a ti fi ìgbẹ́ ẹran kún un ni ó dúró déédéé. Ní Rothamsted, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí John Lawes àti Joseph Gilbert ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí wíìtì ní ọdún 1843, ìgbẹ́ ẹran tí a fi náítírójìn kún wà lára ohun tí ó ń mú èso jáde jù.

Èyí tí ó sún mọ́ Ìkòròdú jù ni ti Sékou, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, àti Glidji, ní gúúsù Togo. Ilẹ̀ pupa oníyanrìn ni àwọn náà ní, òjò wọn sì pín sí ìgbà méjì. Bernard Vanlauwe àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi àgbàdo dán ohun jíjẹrà àti ùréà wò níbẹ̀. Wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2001. Wọ́n rí i pé ohun tí àdàpọ̀ mú wá lè ju ohun tí ènìyàn yóò retí bí ó bá kàn ro ipa méjèèjì pọ̀. Ọ̀kan nínú ìdí tí wọ́n rò sí i ni omi tí ohun jíjẹrà dì mú nínú ilẹ̀ nígbà tí àgbàdo ń yọmọ.

Ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn, lára wọn ni M.K.C. Sridhar àti G.O. Adéoyè, mú ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ìwé lọ sí ọjà. Ní òpin àwọn ọdún 1990, a dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Bódìjà tí ó ń sọ pàǹtí ọjà àti ìgbẹ́ màlúù di ajílẹ̀. Oríṣi méjì ni ó ń ṣe: èyí tí ó jẹ́ kọ́ńpọ́ọ̀sì lásán, àti èyí tí a ti fi ajílẹ̀ òyìnbó díẹ̀ kún kí a tó dì í sápò.

Ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú ti yí èrò wọn padà. Nígbà tí wọ́n pàdé ní Àbújá ní oṣù Kẹfà ọdún 2006, ajílẹ̀ òyìnbó nìkan ni ìpàdé náà dá lé. Wọ́n ní kí a gbé e láti nǹkan bí kìlógíráàmù 8 lórí hẹ́kítà kan dé 50 kí ó tó di ọdún 2015. Ọdún náà dé, a kò débẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Nairobi ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, wọ́n fi ìlera ilẹ̀ kún orúkọ ìpàdé náà. Ohun tí ọ̀rọ̀ "ajílẹ̀" ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí.

Ohun Èlò tí ó Wà Nítòsí

Àgbẹ̀ Ìkòròdú kò ní láti rìn jìnnà kí ó tó rí ohun tí yóò jẹrà. Èrìkòròdú jẹ́ ibi tí a mọ̀ mọ́ ọ̀sìn adìẹ. Ìgbẹ́ adìẹ sì wà lára àwọn ìgbẹ́ ẹran tí náítírójìn wọn pọ̀ jù. Ìmọ̀tà ni ilé-iṣẹ́ ìrẹsì Ìpínlẹ̀ Èkó wà, èyí tí a ṣí ní oṣù Kìíní ọdún 2023, tí a sì kọ́ láti lè lọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Ibi tí a bá ti ń lọ ìrẹsì, èèpo rẹ̀ kì í wọ́n. Ọjà Mile 12 tí ó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú kì í ṣàìní tòmátì, ata àti ewé tí ó ti bàjẹ́. Irú pàǹtí ọjà bẹ́ẹ̀ ni a torí rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ kọ́ńpọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Odógúnyàn ní àyíká ọdún 2010.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ da àwọn nǹkan wọ̀nyí sóko bí wọ́n ṣe rí. Ìgbẹ́ adìẹ tútù a máa jó ewéko. Èèpo ìrẹsì tàbí ìyẹ̀fun pákó tí kò jẹrà ń fa ebi, nítorí pé kòkòrò àìfojúrí tí ó fẹ́ jẹ ẹ́ yóò kọ́kọ́ gba náítírójìn inú ilẹ̀ mọ́ ewéko lọ́wọ́. Bí a bá pò wọ́n ṣáájú, ohun tí ọ̀kan kò ní ni èkejì yóò mú wá. A ó to ohun gbígbẹ àti ìgbẹ́ adìẹ ní ìpele-ìpele títí òkìtì náà yóò fi ga tó mítà kan ààbọ̀. A ó wọ́n omi sí i kí ó tutù bí aṣọ tí a fún, a ó bò ó nítorí òjò, a ó sì máa yí i ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Bí a bá ti igi bọ àárín rẹ̀, tí a sì yọ ọ́, igi náà gbọ́dọ̀ gbóná mọ́ni lọ́wọ́; ooru náà ni ó ń pa hóró èpò. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, yóò ti dú, yóò tutù, òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ni yóò máa ta.

Ìṣirò fún Àgbẹ̀

Ká ní náítírójìn kìlógíráàmù 60 ni a fẹ́ fún àgbàdo lórí hẹ́kítà kan. Àpò NPK 15-15-15 tí ó wúwo tó kìlógíráàmù 50 ní náítírójìn kìlógíráàmù 7.5 nínú. Àpò 8 ni yóò fún wa ní 60. Bí ó bá jẹ́ kọ́ńpọ́ọ̀sì tí ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ náítírójìn ni a fẹ́ lò, tọ́ọ̀nù 6 ni a nílò, ìyẹn àpò oníkìlógíráàmù 50 tí ó tó 120; ewéko kò sì ní rí gbogbo rẹ̀ jẹ ní àkókò ọ̀gbìn àkọ́kọ́.

Bí a bá pín in sí méjì, àpò NPK 4 àti tọ́ọ̀nù 3 kọ́ńpọ́ọ̀sì ni a ó lò. Owó àpò ajílẹ̀ ti dín sí ìdajì, ẹrù kọ́ńpọ́ọ̀sì náà ti dín sí ìdajì. Àǹfààní èyí hàn kedere ní ọdún 2022, nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Rọ́ṣíà àti Ukraine, tí ajílẹ̀ òyìnbó sì gbówó lórí káàkiri àgbáyé. Ẹni tí ó ní òkìtì kọ́ńpọ́ọ̀sì lẹ́yìn oko kò ní láti dúró de ohun tí ọjà yóò sọ.

Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí a tó gbìn ni a ó ti po kọ́ńpọ́ọ̀sì mọ́ ilẹ̀. NPK yóò tẹ̀lé e ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí àgbàdo bá hù. A ó gbẹ́ ihò kékeré tí kò fara kan ìdí rẹ̀, a ó dà á sí i, a ó sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó.

Ẹ̀kọ́ Nínú Ọgbà Ilé-Ìwé

Iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá darí ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970 ti fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ajílẹ̀ bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mu. Kì í ṣe orí pátákó nìkan ni olùkọ́ yóò ti kọ́ ọ. Inú ọgbà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti rí i.

Kí olùkọ́ jẹ́ kí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 2 sí mítà 5. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún hẹ́kítà ni bẹ́ẹ̀dì kan, nítorí náà ìṣirò òkè yìí yóò rọrùn láti pín. Bẹ́ẹ̀dì kìíní kò ní gba nǹkan kan. Ìkejì yóò gba kọ́ńpọ́ọ̀sì kìlógíráàmù 6. Ìkẹta yóò gba NPK gíráàmù 400. Ìkẹrin yóò gba kọ́ńpọ́ọ̀sì kìlógíráàmù 3 àti NPK gíráàmù 200. Kí wọ́n gbin tẹ̀tẹ̀ sí gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà, nítorí pé kì í pẹ́ kí ó tó tó ká. Bí àyè bá wà, kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta, kí wọ́n sì fi ìbò pín ipò bẹ́ẹ̀dì, kí ẹnikẹ́ni má ba à sọ pé ibi tí ilẹ̀ ti dára ni a fi fún ọ̀kan. Kí poro fẹ̀ láàrin wọn, kí àgbàrá má ba à gbé ajílẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kan lọ sí òmíràn.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò wọn gíga tẹ̀tẹ̀, wọn yóò kọ àwọ̀ ewé sílẹ̀, wọn yóò sì ti ìka bọ ilẹ̀ ní ọjọ́ kejì tí òjò rọ̀ láti mọ èyí tí ó ṣì tutù. Lọ́jọ́ ìkórè, wọn yóò gbé ti bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n. Iṣẹ́ kò tíì parí níbẹ̀. Kí wọ́n tún tẹ̀tẹ̀ gbìn lẹ́ẹ̀kejì láìfi ajílẹ̀ kankan kún un. Ìgbà kejì yìí ni ìyàtọ̀ láàrin ohun tí ó bọ́ ewéko àti ohun tí ó jí ilẹ̀ yóò túbọ̀ hàn. Ohun yòówù tí òṣùwọ̀n bá sọ, òun ni kí wọ́n kọ sílẹ̀, bí kò tilẹ̀ bá ìrètí olùkọ́ mu.

Ẹ̀kọ́ èdè wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ bi àwọn àgbà ilé léèrè orúkọ tí wọ́n ń pe oríṣiríṣi ilẹ̀ àti ajílẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè wọn. Ohun tí wọ́n bá mú bọ̀ láti Ìjẹ̀dẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti Ẹ̀rẹ̀dó. Ọ̀rọ̀ tí a kò bá lò lóko mọ́ kì í pẹ́ parẹ́ lẹ́nu.

Ìkìlọ̀

Àwọn àgbà a máa sọ pé ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nígbà tí gbogbo ẹ̀gbin ilé jẹ́ ewé, eérú àti èèpo iṣu. Ààtàn òde òní gbọ́dọ̀ kọ àwọn kan: bátìrì, ìgò, nọ́ọ̀nù àti agolo ọ̀dà. Òjé àti irú irin bẹ́ẹ̀ tí ó wà nínú wọn kì í jẹrà. Inú ẹ̀fọ́ ni ó lè gbà dé inú ènìyàn. Kí a ṣa pàǹtí kí a tó kó o jọ.

Kí a má po eérú mọ́ ùréà tàbí ìgbẹ́ adìẹ tútù, nítorí pé náítírójìn yóò fò lọ. Eérú dára fún dídín ásíìdì ilẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ọjọ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Kí a má sì rò pé àdàpọ̀ lè rọ́pò ìmọ̀ràn lórí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Níbi tí a bá ti lè yẹ ilẹ̀ wò, kí a kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti ṣàlàyé pé ilẹ̀ oníyanrìn Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ nílò ohun tí yóò bọ́ ewéko àti ohun tí yóò di oúnjẹ náà mú. Ajílẹ̀ òyìnbó ń ṣe ti àkọ́kọ́, kọ́ńpọ́ọ̀sì ń ṣe ti èkejì. Ẹni tí ó bá lo ajílẹ̀ òyìnbó nìkan lórí yanrìn ń bọ́ ọ̀sà pẹ̀lú oko; ẹni tí ó bá lo kọ́ńpọ́ọ̀sì díẹ̀ nìkan ń fi ebi pa àgbàdo. Ohun èlò méjèèjì wà nítòsí, ìṣirò wọn kò sì ju ohun tí ọmọ ilé-ìwé lè ṣe lọ.

Olùkọ́ tí ó ń lọ sí ilé-ìwé ní Ìpakodò, Ìmọ̀tà tàbí Ẹ̀pẹ́ yóò bá àwọn ọmọ tí òbí wọn ṣì ń dáko pàdé. Bí ó bá lè mú kí wọ́n mọ̀ pé ajílẹ̀ kò tíì jẹ́ orúkọ rẹ̀ tán bí kò bá jí ilẹ̀, ẹ̀kọ́ náà yóò bá wọn délé, yóò sì bá wọn dóko. Bóyá nígbà náà ni odú yóò tún di ohun tí olóko Ìkòròdú mọ̀ nínú oko, tí kì í ṣe nínú òwe nìkan.